Omi Ló Kó Wúrà Jọ sí Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ó ti pẹ́ tí odò Ọ̀ṣun tó ṣàn gba Ẹdẹ kọjá ti ń pọ́n, kódà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá béèrè ní àdúgbò Alajue ní Ẹdẹ, wọn á ní àwọn tó ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà ló dà á rú. Èmi fẹ́ mọ ohun tó gbé wúrà dé ibẹ̀ gan-an. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò tó kàwé nípa òkúta, wọ́n sì gbà láti mú mi lọ. A gba Òṣogbo lọ sí Iléṣà.

Ní Itagunmodi, ilẹ̀ pupa roro, ó sì jìn. Àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ẹ dé ibi òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀, wọ́n ń fi àwo jọ̀ ọ́ nínú omi: yanrìn ń ṣàn lọ, wúrà tó wúwo ń kù sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣa òkúta dúdú kan, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Irú òkúta yìí ló jẹrà di ilẹ̀ pupa tí ò ń wò yẹn," ni wọ́n wí. "Iná abẹ́ ilẹ̀ ló yọ́ ọ jáde sísàlẹ̀ òkun láyé àtijọ́."

A jókòó sábẹ́ igi, wọ́n là á yé mi. Ní àwọn erékùṣù tí òkè ayọnáyèéfín bí, bíi ti Japan àti Indonesia, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ mìíràn. Omi inú rẹ̀ á tú jáde nínú ooru, á mú kí òkúta tó wà lókè rẹ̀ yọ́. Bí òkúta yíyọ́ ṣe ń gòkè ni omi gbígbóná ń bá a lọ. Imí ọjọ́ inú omi náà á di wúrà mú, wọn á jọ gba ibi tí òkúta ti sán gòkè. Tí omi bá súnmọ́ òkè, á hó, imí ọjọ́ á bá ooru lọ, wúrà á sì jókòó sínú òkúta. Ní erékùṣù Lihir ní Papua New Guinea, omi gbígbóná ṣì ń gbé nǹkan bíi kílò 24 wúrà wá sókè lọ́dọọdún. Òkúta àyíká Obuasi ní Gánà pẹ̀lú, irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ ló ti ṣẹ̀, ó ti ju bílíọ̀nù ọdún 2 lọ.

Wúrà ti Ìjẹ̀ṣà gba ọ̀nà mìíràn. A tẹ̀síwájú sí apá Iperindo, nítòsí ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá, níbi tí wúrà àkọ́kọ́ ti jáde ní oṣù keje ọdún 2021. Nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńláńlá kọlu ara wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 600 sẹ́yìn, àwọn òkúta àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rì, wọ́n gbóná, omi inú wọn sì jáde. Omi náà ṣa wúrà jọ, ó gba ibi tí ilẹ̀ ti ya, ó fi òkúta funfun dí i, wúrà sì há sáàárín rẹ̀. Ní Sẹ̀gilọlá, nǹkan bíi gíráàmù 4 ló wà nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan. Òjò ọ̀pọ̀ ọdún ló ń họ irú òkúta bẹ́ẹ̀, tí odò ń kó wúrà rẹ̀ lọ sí àfonífojì.

Láti ìsàlẹ̀ òkun títí dé inú àwo ọ̀dọ́ Itagunmodi, omi ló ṣe iṣẹ́ náà, àìmọye ọdún ló sì fi ṣe é. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má wa wúrà. Àwọn ọ̀dọ́ ní láti jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jọ̀ ọ́, kó gbẹ́ kòtò tí ẹrẹ̀ yóò ti silẹ̀ kó tó dá omi padà sódò, kó má sì jẹ́ kí mákúrì tí wọ́n fi ń mú wúrà kan omi náà. Kí ìjọba dúró ti èyí, kí wọ́n máa yẹ omi wò láti Iléṣà títí dé Ẹdẹ. Wúrà tí a kò bá wà lónìí kò ní jẹrà nínú ilẹ̀. Odò tí a bá bà jẹ́, àwọn ọmọ wa ni yóò mu ún.