Àwọn dósíyè tí kò sọnù

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà la gbé wá lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kò kan òun, kó jọ̀ọ́ dúró díẹ̀. Bí ẹ bá ní clé USB kan nílé, èyí tí àwọn ará wa ní Ìdìrókò ń pè ní fláàṣì, tí fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ohùn àgbàlagbà kan sì wà nínú rẹ̀, ó kàn yín.

Iṣẹ́ olùkọ́ là ń ṣe. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa láti CI títí a fi gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, òun náà la sì fi ń kọ́ ọmọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹni tó bá sọ èdè ilé nínú ọgbà ilé-ìwé, wọ́n á gbé "signal" kọ́ ọ lọ́rùn, yóò sì máa gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣèèṣì sọ ọ́. A gbé e títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀gbà ọrùn wa. Bí a ṣe di ẹni ogójì ọdún nìyẹn, tí a ò lè ki oríkì ilé wa kọjá ìlà mẹ́ta.

Bàbá wa mọ̀ ọ́n. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, a jókòó tì wọ́n ní àgbàlá fún alẹ́ méjì, a fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n á kì í, wọ́n á dúró, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á sọ ẹni tí orúkọ yìí jẹ́ àti ohun tó ṣe tí wọ́n fi ń kì í bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lé ní wákàtí kan. Fóònù náà kò ní àyè púpọ̀. A kó ohùn náà sórí clé, a sì pa ti orí fóònù rẹ́. Orí clé kan náà la kó ìdánwò àwọn ọmọ CM2 sí. Ẹ má bi wá pé kí ló dé tí a ò ra méjì.

A gbé clé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Wọ́n tẹ ìdánwò náà fún wa, ó dára. Ìgbà tí a délé tí a ṣí clé la rí i pé gbogbo dósíyè, ìyẹn fódà, ti yí padà. Orúkọ wọn ṣì wà, ṣùgbọ́n ọfà kékeré kan wà ní igun ọ̀kọ̀ọ̀kan. A tẹ ọ̀kan, ojú kọ̀ǹpútà ṣú dúdú fìrí, ó tún mọ́, kò sí nǹkan kan. A padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò ó, ó ní, "Maître, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká formater ẹ̀." A ní kó ṣe é. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan.

A sọ fún bàbá wa pé a ó tún wá gba ohùn wọn. Wọ́n ní kò burú, kí òjò kọ́kọ́ dá. Kí òjò tó dá, wọ́n ti papò dà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ilé-ìwé, àìsàn kan náà bá clé tí máàkì gbogbo kíláàsì wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn òbí ń bọ̀ wá gba káàdì ọmọ wọn, Ọjọ́rú la sì wà. Ẹnì kan ti ní kí á formater rẹ̀, kí olúkúlùkù lọ tún máàkì rẹ̀ kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa lọ́dún náà ló ní, "Ẹ dákun, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́."

Ó ṣí Explorateur de fichiers, ojú ibi tí èèyàn ti ń rí dósíyè àti fáìlì rẹ̀. Ó tẹ Affichage lókè, ó tẹ Options. Fèrèsé kékeré kan jáde tí wọ́n kọ "Options des dossiers" sí. Nínú rẹ̀, ó bọ́ sí ojú-ewé kejì, Affichage, ó sì mú "Afficher les fichiers, dossiers et lecteurs cachés". Kò sí ohun tó yí padà. Ó tún padà wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó yọ àmì kúrò níwájú "Masquer les fichiers protégés du système d'exploitation (recommandé)". Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní Oui. Gbogbo dósíyè wa bá yọ lójú kan náà, àwọ̀ wọn ṣì bí aṣọ tí a ti fọ̀ jù. Máàkì pé ṣánṣán.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pàtẹ́wọ́. Àwa dákẹ́. Nígbà tó yá a pe ọmọ náà sẹ́yìn, a ní, bí èèyàn bá ti wá formater irú rẹ̀ ńkọ́? Ó wò wá lójú, ó ní, "Maître, kí ló wà níbẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí bí ẹ bá mọ ọ́n, ẹnikẹ́ni kò ní fi formatage dẹ́rù bà yín mọ́. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì tí ojú wa kò rí. Àmì kan ń sọ pé "ẹ fi èyí pa mọ́", òmíràn ń sọ pé "ti ẹ̀rọ gan-an ni èyí". Láti ilé-iṣẹ́ ni Windows ti ṣètò pé kí ohun tó bá ní àmì wọ̀nyí má hàn sí wa, kí irú àwa má baà pa ohun tí ẹ̀rọ fi ń mí rẹ́. A ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì orí clé yìí kò jẹ nǹkan kan rárá. Ńṣe ló lẹ àmì méjèèjì mọ́ dósíyè yín kí ó má baà hàn, ó wá gbé raccourci, ìyẹn nǹkan ọlọ́fà yẹn, dúró sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ẹ bá tẹ ọlọ́fà, fáírọ́ọ̀sì lẹ jí dìde, ó sì wọ inú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín, kó lè gun clé ẹlòmíràn lọ. Nítorí pé àmì méjì ló lẹ̀ mọ́ ọn ni ètò àkọ́kọ́ nìkan kò fi tó.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ẹ̀rọ ti ń sọ fún wa lọ́jọ́ náà. Ká ní a fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ clé náà, kí a lọ sí Propriétés, à bá rí i pé "Espace utilisé" rẹ̀ kò dín. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì bá jẹ kì í gba àyè mọ́. Tàbí ká ní Détails la fi ń wo dósíyè wa dípò àwòrán ńláńlá, à bá rí i ní abẹ́ Taille pé ọlọ́fà kọ̀ọ̀kan kò ju Ko kan tàbí méjì lọ. Ohùn tó lé ní wákàtí kan kò lè wọ inú Ko méjì.

Nínú fèrèsé Options des dossiers yẹn kan náà, ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Masquer les extensions des fichiers dont le type est connu". Extension ni lẹ́tà tó ń kẹ́yìn orúkọ fáìlì, bíi .docx, .mp3, .exe. Òun ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwa tí à ń gbé ojú ọ̀nà Igolo, a mọ ìgò omi tí wọ́n rọ epo mọ́tò sí. Ẹni tó bá ka ara ìgò nìkan tó gbé e sẹ́nu, ilé ìwòsàn ló ń lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, létà kan tí wọ́n pè ní ILOVEYOU jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines. Orúkọ fáìlì inú rẹ̀ ni LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Nítorí pé Windows fi .vbs pa mọ́, .TXT lọ̀pọ̀ èèyàn rí, wọ́n rò pé létà ìfẹ́ lásán ni, wọ́n ṣí i. Ilé aṣòfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní láti ti e-mail wọn pa lọ́jọ́ náà.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má tẹ ọlọ́fà. Ẹ ṣe ètò méjèèjì bí a ti wí, kí ẹ sì kó dósíyè tó ṣì láwọ̀ sórí ẹ̀rọ kan tó mọ́. Láti bọ́ àmì náà kúrò lára wọn, ẹ ṣí Invite de commandes, kí ẹ kọ attrib -h -s /s /d E:\* síbẹ̀, kí ẹ fi lẹ́tà clé tiyín rọ́pò E. Lẹ́yìn náà kí ẹ dá àmì "fichiers protégés" padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí kò dára kí ọmọdé máa rí fáìlì ẹ̀rọ kó sì máa rò pé ìdọ̀tí ni. Extension ní tirẹ̀, a fi í sílẹ̀ ní gbangba láti ọjọ́ náà.

Kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa tó gbó jù, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti fi Linux Mint sí i. Thunar ni wọ́n ń pe èyí tó ń tọ́jú fáìlì níbẹ̀. Bí ẹ bá ki clé tó ní àìsàn yìí bọ̀ ọ́, gbogbo dósíyè yín á hàn kedere, nítorí Linux kò ka àmì Windows yẹn sí. Ní tirẹ̀, orúkọ tó bá fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ ló ń fi pa mọ́, Ctrl àti H sì ni wọ́n fi ń mú un jáde. Nínú Préférences rẹ̀, a rí ibi tí èèyàn ti lè ní kí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣí fáìlì dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀gá kan wà láàárín wa tí ìka wọn ń gbọ̀n, tí wọn kì í lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Láti ọjọ́ tí a ti ṣe é, àwọn fúnra wọn ló ń ṣí ìwé wọn, wọn ò ké sí ọmọ kankan mọ́.

A gbé clé wa tọ ẹnì kan lọ ní Àjàṣẹ́. Ó fi PhotoRec wá inú rẹ̀, èyí tó ń hú fáìlì tí a ti pa rẹ́ jáde. Ó ní ká ní a kò kọ nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ lẹ́yìn formatage ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ì bá padà wá. Ọdún méjì la sì ti fi ń kó ìdánwò àti ẹ̀kọ́ sórí rẹ̀. Ìdánwò ìṣirò mẹ́rìnlá ló jáde, àti fáìlì ohùn kan tó gba ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá. Bàbá wa wúkọ́ nínú rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ó ti ń gbà á?", ohùn wa sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àbúrò wọn obìnrin ṣì wà, ní Banigbé. Wọ́n ní apá kan nínú oríkì náà ṣì wà lẹ́nu àwọn, pé kí a máa bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Clé méjì la rà.