Òrùka Kékeré Inú Mathset Mi

 

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé sáà yìí, nígbà tí a ń ṣe prep, òrùka kékeré kan jábọ́ láti inú mathset mi. Ẹni tó jókòó tì mí mú un, ó gbé e sókè, ó ní, "Ẹ wá wo òrùka ìgbéyàwó èèrà o!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Prefect kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé mò ń pariwo, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mi ò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ dáhùn lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn. Ìdáhùn mi rèé.

Òrùka náà kì í ṣe ti ìka ọwọ́. Ara ọ̀pá ìpẹja ni wọ́n ń so ó mọ́, kí okùn ìwọ̀ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá láti ìdí ọ̀pá dé orí rẹ̀. Òrùka ni àwa ń pè é nílé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní orúkọ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá sí ìpàdé.

Bàbá Àgbà, bàbá tó bí màmá mi, ń gbé ní New Bussa, ní ìpínlẹ̀ Niger. Dáàmù Kainji ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Social Studies, agbègbè yẹn ni Bussa àtijọ́ wà, ibi tí Mungo Park kú sí ní 1806. Wọ́n kó àwọn ará ìlú náà kúrò, wọ́n kọ́ New Bussa fún wọn, wọ́n parí dáàmù ní 1968, omi sì bo ìlú àtijọ́ mọ́lẹ̀. Bàbá máa ń sọ pé àwọn ẹpìyà tí òun ń pa, ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í san owó ilé.

Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò lágbára mọ́, ó sì máa ń gbọ̀n. Wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan ní ọsibítù pé kó máa fún un mọ́wọ́. Bàbá ní òun kì í ṣe ọmọ jéléósinmi. Ó gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ àtijọ́, tó wúwo bí ọmọ odó, sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní ó ti sú òun, ẹja wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé àga rẹ̀ síbi tó ti lè máa wo àwọn tó ń bọ̀ láti odò, á sì máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí pa.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ilé láàmú nínú ọlidé gígùn pé ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀pá tó fúyẹ́ fún Bàbá. Àbúrò màmá mi, tí a ń pè ní Bọ̀dá Èkó, ní ọ̀rẹ́ kan tó ń tún ọ̀pá ìpẹja ṣe. Ó gba ọ̀pá kábọ̀nù kan wá lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá lásán, kò sí nǹkankan lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá di bíro bíi márùn-ún pọ̀, bóyá ni kò ní wúwo jù ú lọ. Bọ̀dá Èkó tún kó òrùka mẹ́ta wá fún àpẹẹrẹ: nọ́ńbà 3, nọ́ńbà 4 àti nọ́ńbà 5. Nọ́ńbà yẹn ni fífẹ̀ òrùka láti etí kan dé èkejì ní mìlímítà, níta o. Ihò inú rẹ̀ kéré ju ìyẹn lọ.

Ó ní, "Ìwọ lo ni iṣẹ́, ìwọ ni kó o yàn. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè rà á lẹ́ẹ̀mejì."

Kí n má parọ́, ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú ni òrùka ńlá. Òrùka irin gbàǹgbà-gbàǹgbà, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ló wà lára ọ̀pá Bàbá àtijọ́, mo sì rò pé ohun tó tóbi ló lágbára. Bọ̀dá Èkó ò bá mi jiyàn. Ó ní kí n wá nọ́ọ̀tì kékeré kan. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọ̀pá, mo mì ín, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkankan wà níbẹ̀. Mo wá yọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀pá. Háà! Orí ọ̀pá tẹ̀ wálẹ̀, nígbà tí mo sì mì ín, ó ń fì síwá sẹ́yìn, kò tètè dákẹ́. Nọ́ọ̀tì kan náà ni o. Bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí ọwọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wúwo lọ́wọ́ tó. Ẹ so òkúta mọ́ ẹnu ìgbálẹ̀ wò, kí ẹ di ìdí rẹ̀ mú.

Ni mo bá yí padà pátápátá. Mo ní nọ́ńbà 3 ni mo fẹ́ láti ìdí dé orí. Bọ̀dá Èkó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Ó gbé rììlì wá, ó fà á, ó ní kí n wo bí okùn ṣe ń jáde. Okùn kì í jáde gbọọrọ láti inú irú rììlì yẹn. Ó ń yí bírípo-bírípo, bí okùn táwọn obìnrin inú kíláàsì wa fi ń fò. Bí òrùka tó wà nítòsí rẹ̀ bá kéré jù, okùn á máa na òrùka, á máa na ọ̀pá, ìjù á sì kúrú. Torí náà òrùka àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó sì ga kúrò lára ọ̀pá. Èkejì á kéré sí i, ẹ̀kẹta á tún kéré sí i, bí ohun tí a fi ń rọ kẹrosíìnì sínú ìgò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Nígbà tí okùn bá fi máa kọjá ẹ̀kẹta, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó kù àti ti ṣóńṣó orí ló wá lè jẹ́ kékeré. Méje rèé, pẹ̀lú ti orí, mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ wá ku àwọn kékeré yẹn. Mo ṣì ń sọ pé 3. Bọ̀dá Èkó ní kí n rántí pé Bàbá máa ń so fọ́nrán ọ̀rá mọ́ ẹnu okùn rẹ̀ níwájú ìwọ̀, kókó tí wọ́n ta síbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba inú òrùka kọjá. Mo ta kókó náà kó kéré, mo fi itọ́ rin ín, mo fà á, ó kọjá nínú 3, bó tilẹ̀ ń há díẹ̀. Inú mi dùn. Mo sáré gbé òrùka náà lọ bá Bàbá lábẹ́ igi máńgòrò, mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́."

Bàbá gba okùn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé. Ó pa ojú kan dé, ó tún gbìyànjú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fẹ́ bá a mú un, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ó gbé okùn àti òrùka lé itan mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní, "Ojú abẹ́rẹ́ lo mú wá fún mi, ọmọ mi." Ó dìde, ó wọlé, kò sì bá wa jẹun alẹ́.

Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń wọn òrùka, tí mò ń wọn ọ̀pá, tí mò ń mì ín kiri inú ilé, mi ò wọn ọwọ́ Bàbá rárá. Ta ni mo wá ń ṣe ọ̀pá fún gan-an? Ó sì tún ń dùn mí pé nọ́ńbà 3 yẹn dáa lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní kí n kó àwọn òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, kí n lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ọ̀pá. Kò fi ẹnu okùn kì í mọ́. Ó ṣẹ́ okùn po sí méjì, ó fi ọwọ́ òsì mú ibi tó ti ṣẹ́ ẹ po, ó ń ti ìyẹn wọ inú òrùka. Ó ní báyìí lòun ṣe máa ń ṣe é lálẹ́ tí ilẹ̀ bá ṣú, torí okùn tó ṣẹ́ po nípọn, ọwọ́ ń mọ̀ ọ́n lára, bó bá sì bọ́, á là níwájú òrùka, kò ní sá padà dé ìdí. Nọ́ńbà 3, kò wọlé rárá. Nọ́ńbà 4, nínú ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà 5, ó wọlé ní gbogbo ìgbà, Bàbá sì wò mí bíi pé òun ló gba ipò kìíní.

Mo sọ fún Bọ̀dá Èkó pé 5 ni. Ó ní ó wúwo ju 3 lọ o. Mo ní mo mọ̀, a ó dín ìwúwo kù níbòmíràn: gbogbo kékeré á jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, òwú tí a ó fi dì wọ́n ò ní pọ̀, àtè tí a ó fi bò ó á fẹ́lẹ́. Àwọn tó ń da àtè bo ọ̀pá bí ọbẹ̀, ìwúwo tí wọ́n sá fún ni wọ́n tún fọwọ́ ara wọn dá padà.

Nígbà tí àwọn òrùka dé, inú wọn jẹ́ seramíìkì, ó ń dán. Ìyẹn ò ní jẹ́ kí okùn gé e bí okùn kànga ṣe máa ń gé ẹnu kànga. Mo ti òwú ìdọ̀tí-etí gba inú ìkọ̀ọ̀kan kọjá, torí òrùka tó bá sán á mú òwú. Kò sí èyí tó mú un. A fi téèpù lẹ̀ wọ́n, a ki okùn bọ̀ wọ́n, a so ẹnu okùn mọ́ ẹsẹ̀ àga, a sì tẹ ọ̀pá. Okùn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí ọ̀pá ṣe tẹ̀. Láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ó gé e kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀bùrú, a sì sún ìkarùn-ún sẹ́yìn díẹ̀.

Ọjọ́ tí a fi àtè sí i ni mo fẹ́ràn jù. Bí àtè bá tutù, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí ọ̀pá náà fún wákàtí mélòó kan títí á fi dì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gbé ọ̀pá lé páálí méjì tí a gé ojú sí. Mo yí i, ó rẹ̀ mí. Bọ̀dá Èkó yí i, fóònù pè é. Bàbá sún àga rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní ká kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń yí i. Màmá Àgbà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òsì yí i." Bàbá ò dá a lóhùn. Ó yí i títí wọ́n fi tan iná, ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí i díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀lù rọ́bà ọsibítù wà lórí fèrèsé níbẹ̀, ó ń wò wá.

Ó ku ọjọ́ méjì kí n padà sí ilé ìwé nígbà tí a dé etí omi. Bàbá jókòó, ó ṣẹ́ okùn po, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan kí n má bàa ràn án lọ́wọ́. Ó pẹ́ gan-an. Ẹnì kan kọjá pẹ̀lú àwọ̀n, ó kí wa, ó lọ, Bàbá ṣì wà lórí òrùka karùn-ún. Nígbà tí ti orí wọlé, ó kàn ní, "Ó yá, gbé kòkòrò wá."

Ẹpìyà méjì la pa, ọ̀kan ò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, a sì dá a padà sódò. Nọ́ńbà 3 kù sílẹ̀ lórí tábìlì, Bàbá ní kí n máa mú un lọ. Òun lẹ rí.