Afẹ́fẹ́ Àtigòkè

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó ń mòòkùn lókun: ṣé ó yẹ kí ẹni tó ti pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ ńlá tún so kékeré kan mọ́ ọn, àbí ẹrù lásán ni? Ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò mi kan ní Phibsborough, níhà àríwá Dublin, ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ Ireland ni bàbá náà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti òkun dé, wọn a kó irinṣẹ́ wọn sínú agbada omi láti fọ iyọ̀ kúrò, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ iyàn wọn. Royal Canal, odò àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1790, kò jìnnà sí wa ní Cross Guns Bridge, ṣùgbọ́n omi pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn lójú wọn. Ìta òkun Dublin ni wọ́n ń lọ, lẹ́bàá Kish, níbi tí ọkọ̀ RMS Leinster dùbúlẹ̀ sí láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1918 tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ti rì í, tí èèyàn tó lé ní 500 sì bá a lọ. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tó nǹkan bí 30 mítà.

Lọ́jọ́ kan, bàbá náà gbé sílíńdà kékeré náà lé mi lọ́wọ́. Kò gùn ju láti ìgúnpá dé orí ìka mi lọ; ó ní géèjì tirẹ̀, ó ní régúlétọ̀ àti rọ́bà ẹnu tirẹ̀. "Fi sẹ́nu, kí o mí," ló wí. Mo mí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ, tútù, wọlé pẹ̀lú ìró ṣìì, kò ní òórùn kankan. Lórí ìdúró níbẹ̀, ó ṣe mí bíi pé kò lè tán láéláé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó nàka sí bàbá náà: "Èyí ni sípíà tèmi. Òun ni mo bá wọ omi, òun ni màá bá jáde."

Ìjìnlẹ̀ omi ló yí ìṣirò padà. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni omi ń tẹ afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tó ń mí 20 lítà ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ yóò lo 40 ní ìsàlẹ̀ mítà 10, yóò sì lo 80 ní mítà 30. Sílíńdà kékeré bàbá yìí jẹ́ oní-lítà 3. Bí wọ́n bá rọ ọ́ dé 232 bar, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún mọ́ 700 lítà. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ní mítà 30, ìyẹn lé ní ìṣẹ́jú 8. Ṣùgbọ́n ọkàn ta ní í balẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dá mọ́ ọn lẹ́nu? Ká ní èémí rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó ku ìṣẹ́jú 4 àti díẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ta gòkè bí ọfà, torí afẹ́fẹ́ tó bá sé mọ́ àyà á máa fẹ̀ títí á fi ya ẹ̀dọ̀fóró. Mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan ni ìgòkè pẹ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú 3 àti díẹ̀ ló máa gbà, bó sì ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó ń lò ń dínkù. Ó tó o. Àmọ́ àgolo kékeré kan wà tí wọ́n ń tà, tí inú rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí 85 lítà lọ. Ní ìsàlẹ̀ yẹn, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ló máa fi tán lẹ́nu ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Méjìméjì ni wọ́n ń kọ́ àwọn amòòkùn láti máa lọ, oníkálukú wọn sì ní rọ́bà ẹnu kejì lára sílíńdà ńlá rẹ̀, tí ẹnì kejì lè fà sẹ́nu lọ́jọ́ ìṣòro. Ṣùgbọ́n òkun Ireland máa ń dọ̀tí débi pé ẹni tó bá fi ọ̀nà díẹ̀ jìnnà síni ti di ẹni àwátì. Ìgbà tí tìrẹ bá sì fi máa tán, tirẹ̀ náà ti ń lọ sópin, nítorí ìgbà kan náà lẹ jọ bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì wá fẹ́ jọ fa ohun tó kù fún ẹnì kan. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Ìtàn mímòòkùn kọ́ wa lóhun mìíràn. Nígbà tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ ìmí abẹ́ omi wọn lọ́dún 1943, ọ̀pọ̀ ọdún ṣì kù kí géèjì tó di ohun tí gbogbo amòòkùn ń gbé. Láàárín ìgbà náà, inú sílíńdà kan náà ni wọ́n ń pa ìpamọ́ mọ́ sí. Bí èémí bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, amòòkùn á fa ọ̀pá tín-ín-rín kan wálẹ̀, ìyókù á sì tú sílẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pá náà lè kọ́ nǹkan kó sì ti wálẹ̀ kí olówó rẹ̀ tó mọ̀. Ọjọ́ tó bá wá fà á, kò sí nǹkan kan mọ́. Bí régúlétọ̀ bá sì kọṣẹ́, àti ẹ̀kún àti ìyókù ló bá a lọ. Ìpamọ́ tó bá ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ohun tó fẹ́ rọ́pò kì í ṣe ìpamọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, amòòkùn kan, Chris Lemons, ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ Òkun Àríwá, ní nǹkan bíi mítà 91. Òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ọlọ́fàájì; okùn rọ́bà gbọọrọ ló ń gbé gáàsì ìmí, omi gbígbóná àti iná wá bá a láti òkè. Ẹ̀rọ tó ń di ọkọ̀ Bibby Topaz mú sójú kan kọṣẹ́, ọkọ̀ ń sún lọ, okùn náà há mọ́ irin, ó sì já. Sílíńdà ẹ̀yìn rẹ̀ ló kù, ìyẹn ò sì ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan. Nínú òkùnkùn, ó táràrà padà gun orí irin tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Gáàsì tán. Nǹkan bí ìdajì wákàtí kọjá lẹ́yìn náà kí Dave Yuasa, ẹnì kejì rẹ̀, tó lè padà wá gbé e, síbẹ̀ ó jí. Òtútù omi àti ọ́síjìn púpọ̀ tó ti fà sára ni wọ́n sọ pé ó dá a sí. Sílíńdà kékeré kò gbé e délé. Ó fún un láyè láti dé ibi tí wọ́n ti lè rí i.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá Escravos, lójú omi Nàìjíríà ilẹ̀ wa, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013 tún yani lẹ́nu. Ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé, ó rì sí nǹkan bíi mítà 30. Nínú àwọn 12 tó wà nínú rẹ̀, Harrison Okene tó jẹ́ alásè nìkan ló yè é. Afẹ́fẹ́ tó há sínú yàrá kan ló ń mí fún nǹkan bí 60 wákàtí, títí àwọn amòòkùn tó wá kó òkú fi kan ọwọ́ alààyè. Ẹnikẹ́ni kò pa afẹ́fẹ́ yẹn mọ́ dè é. Orí ló yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, Okene fúnra rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ mímòòkùn.

Mo tún máa ń rántí àwọn tó ń kó yanrìn lọ́sà Èkó, níhà Makoko àti Bariga. Wọ́n á gbá igi àkàsọ̀ mú, wọ́n á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀, wọ́n á wa yanrìn nísàlẹ̀, wọ́n á sì gbé e gòkè láìsí sílíńdà kankan. Àyà wọn ni sílíńdà. Iyanrìn yẹn la fi ń kọ́ ilé tó ń ga lójoojúmọ́. Sípíà kì í ṣe àríyànjiyàn lọ́dọ̀ wọn, torí èkíní gan-an kò sí.

Àwọn kan ní sílíńdà kékeré máa ń sọni di aláìbìkítà. Òótọ́ ni, bí èèyàn bá ń kà á mọ́ ohun tó ní láti ná. Àwọn tó ń wọ ihò abẹ́ omi ti fi òfin dènà èyí tipẹ́: ìdá kan nínú mẹ́ta fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, ìdá kẹta fún ìjàm̀bá. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, nítorí òun ló ń rò pé ìdá kẹta ti pọ̀ jù. Ohun mìíràn tún ni àìdán an wò. Gbogbo wa tí a ti gbé Èkó rí la mọ jẹnẹrétọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tan láti oṣù mẹ́ta, tó wá kọ̀ láti jí lóru ọjọ́ tí ilé kún fún àlejò.

Níbi tí mo dúró sí rèé. Fún omi tí kò jinlẹ̀, tí ẹnì kejì wà nítòsí, ẹ fi sílẹ̀ sílé. Fún ibi bíi Leinster, ẹ gbé e, kí ó ní ẹnu tirẹ̀, kí ó tó gbé yín gòkè pẹ̀lú èémí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kí ẹ sì máa fi dánra wò níbi tí kò séwu. Bí géèjì ńlá bá ti ní ó tó, ẹ gòkè. Ẹ má bèèrè lọ́wọ́ kékeré bóyá ó kù díẹ̀ sí i.