Gbèsè Ẹnì Kan, Ìtìjú Gbogbo Ilé

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru níhìn-ín ní Amẹ́ríkà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tí fóònù mi dún. Àwòrán ọmọ àbúrò mi kan tó ń dáko kòkó ní Aládé, ìlú wa, ni mo rí, wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ "OLÈ" gàdàgbà sórí rẹ̀. Kò pẹ́, òmíràn tún dé: àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di ìkéde òkú. Ẹni tí èmi àti rẹ̀ jọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà! Kí n tó pè é, ìyàwó pásítọ̀ wọn, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ti rí i.

Owó òògùn kòkó ló yá lórí áàpù ayánilówó kan nínú fóònù rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n fi owó kòkó rán níléèwé bí wọ́n ṣe fi rán mi, ẹ mọ ohun tí òjò ń fi ojú èso rí bí a kò bá tètè fín in. Áàpù náà fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láti san owó àti èlé. Kòkó wo ló ń pọ́n lọ́sẹ̀ méjì? Nígbà tó sì tẹ ibi tí wọ́n kọ "mo gbà" sí, ó ti kó nọ́ńbà gbogbo wa lé wọn lọ́wọ́. Bí tèmi ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn.

Mo bá a wí gan-an. Ẹ̀yin ọmọ wa nílé, kí ló dé tí ẹ fi ń fi èsúsú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, tí ẹ ń tọ sọ́gúndogójì tí ẹ kò rí ojú rẹ̀ rí lọ? Ẹni tó yáwó gbọ́dọ̀ san án, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ìkéde òkú yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá ọmọ náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ta ló ń gbé òkú ọmọ ọlọ́mọ jáde nítorí owó tí kò ra àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé, bí èyí bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò túfọ̀ òkú gidi fún wa níhìn-ín, tí a óò sì ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, àwọn ayánilówó ni."

Kí n má purọ́ fún yín, àwọn baba wa náà kò fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ sin gbèsè. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, a kà nípa ológò tó ń wọ agbo ilé onígbèsè, tó ń jókòó tì í, tó sì ń pa adìẹ àti ewúrẹ́ jẹ títí owó yóò fi dé. Àwọn òṣómàáló ará Ìjẹ̀ṣà náà, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri, a máa lóṣòó síwájú ilé ẹni tó jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n òṣómàáló ní ojú tí a lè wò. Ó mọ ìgbà tí owó kòkó ń wọlé, àgbà sì lè bá a bẹ̀bẹ̀. Ta ni a fẹ́ bẹ̀ nínú áàpù?

Òfin wà o. Láti 1977 ni òfin Amẹ́ríkà níhìn-ín ti kà á léèwọ̀ kí agbowó gbèsè máa ròyìn gbèsè ẹni fún aládùúgbò tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́. Nílé, ní oṣù kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó Sokoloan lórí nítorí bí wọ́n ṣe lo àṣírí àwọn oníbàárà. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Ní 2023, Google ní áàpù ayánilówó kò gbọ́dọ̀ yọjú wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù ènìyàn mọ́. Nínú ìlànà tuntun FCCPC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje 2025, ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 100 náírà.

Nítorí náà, bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ẹ̀rí, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun FCCPC. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wa. Ó dákẹ́ títí, ó ní, "Mọ́mì, kí Àbújá tó dá wa lóhùn, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn àna mi?" Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. N kò rí èsì fún un.

Mo fẹ́ dábàá ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Aládé tó ń bọ̀ pé kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, tí àwọn àgbẹ̀ Aládé yóò máa yá láìsí èlé títí kòkó yóò fi jáde. Ó dá mi lójú pé ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó yá a bá kọ̀ tí kò san ńkọ́? Àwa tí a ń ka orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè owó oṣooṣù ẹgbẹ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé, ṣé a lè sin gbèsè láìdójú ti ẹnikẹ́ni? Ẹ bá mi rò ó kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.