Ẹ̀gbọ́n Ń Bọ̀ Lálejò, Ajá Rẹ̀ Ń Tẹ̀ Lé E: Kí Ni Kí Onílé Ṣe?

Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í gba àlejò. Àlejò dé, a á bu omi fún un, a á wá oúnjẹ fún un, àwọn ọmọ á kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á lọ sùn sórí ẹní. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni kí àlejò sọ̀ nínú mọ́tò tán, kí ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó máa ju ìrù. Ta ló pe ìyẹn? Ibo ni yóò sùn? Kí ni yóò máa jẹ? Ta ni yóò máa kó ìgbẹ́ rẹ̀?

Láyé ìgbà tí gbogbo ilé ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ yìí kì í dìjà. Adìyẹ tí ìyá àgbà so lẹ́sẹ̀ wá láti oko, ẹ̀bùn ni. Ọjọ́ kejì ó ti wà nínú ìkòkò. Òbúkọ tí wọ́n fà wá síbi ìkómọ, gbogbo ayé mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ajá tó ní orúkọ, tí olówó rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ bí ọmọ, ìyẹn kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Ará ilé ni lójú ẹni tó mú un wá. Lójú onílé ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá nínú ìlú bí Èkó àti Ìbàdàn, níbi tí ìdílé mẹ́wàá ti lè jọ máa lo ilé ìwẹ̀ kan àti ilé ìdáná kan.

Ẹ gbọ́ ti télọ̀ obìnrin kan ní Mushin. Mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀, yàrá méjì ni wọ́n gbà, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Ìwó, ni ojú ń dùn. Ohun funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ kan, èkejì náà sì ti ń ṣú bọ̀. Dókítà l'Ékòó ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ ojú náà fún un. Bàbá gbà láti wá, àmọ́ ó ní òun ò ní fi Tanímọ̀la sílẹ̀. Tanímọ̀la ni ajá rẹ̀. Lórí fóònù ni àbúrò rẹ̀ ti dáhùn pé, "Ẹ máa mú un bọ̀, Bùọ̀dá mi." Kò sọ fún ìyàwó. Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé ni ìyàwó tó rí ajá. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó gbé oúnjẹ fún un, ó sì gbé ọ̀rọ̀ mì. Ìyàwó ilé wo ni yóò là á mọ́ ọkọ rẹ̀ àgbà lójú pé ajá rẹ ò gbọdọ̀ wọlé? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbé mì kì í dà nínú. Òru ọjọ́ kẹta, ajá ń gbó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Ọjọ́ kẹrin, ó lá omi nínú búùtà tí Àlhájà ọ̀ọ́kán gbé síta láti fi ṣe àlùwàlá. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀sìn Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ń fọ ohun èlò tí ajá bá lá. Àlhájà ò jà. Ó kàn ra búùtà mìíràn, kò sì kí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà fún ọjọ́ méjì. Àwọn tó ti gbé ilé ojúkojú rí mọ̀ pé èyí burú ju ìjà lọ.

Ọjọ́ kẹfà ni eléyìí tó le jù ṣẹlẹ̀. Ọmọ aládùúgbò kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ mú eegun níwájú ajá. Ajá bù ú jẹ lọ́wọ́. Ariwo sọ! Ọkùnrin kan ti gbé kùmọ̀, ó ní kí wọ́n pa ajá náà kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ẹnì kan ní kí wọ́n gé irun ajá, kí wọ́n jó o, kí wọ́n fi sójú egbò. Ẹlòmíì ti gbé ata àti epo pupa dé. Télọ̀ yìí ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó gbé ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ọmọ ń ké, ìyá ọmọ ń ké, ó ṣáà ń fọ̀ ọ́ ni. Ó ti gbọ́ ọ rí lórí rédíò. Láti ibẹ̀, ọsibítù ló kù.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ṣé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́? Bàbá ní ajá òun ò ṣàìsàn rí. Káàdì dà? Kò sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò máa padà wá gba ìyókù. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pa ajá náà, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Owó àjọ tí télọ̀ fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, ibẹ̀ ló bá lọ. Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú sì pé, Bàbá ní òun ò kúrò nídìí ajá, nítorí bí òun bá yí ẹ̀yìn padà báyìí, wọ́n á pa á. Ọjọ́ náà kọjá lórí rẹ̀.

Ọlọ́run ṣe é, ọjọ́ mẹ́wàá pé, ara ajá dá ṣáṣá, ara ọmọ náà sì dá. Ìgbà náà ni ìyàwó wá jókòó ti Bàbá. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ajá yìí jẹ́ fún yín?" Bàbá dákẹ́ títí, ó wá ní láti ọjọ́ tí ìyá àwọn ọmọ òun ti kú, òun nìkan ni òun ń jí, òun nìkan ni òun ń sùn, Tanímọ̀la nìkan ló ń dá òun lóhùn.

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Wọ́n rí ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan lábúlé tó ti máa ń bá Bàbá lọ sóko, tí ajá náà mọ̀ dáadáa. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ fún ajá, ọkọ ìyàwó sì mú un padà lọ. Lálaalẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí á gbé fóònù sí etí ajá, Bàbá á pe orúkọ rẹ̀ láti Mushin. Àwọn ọmọ ilé ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ Bàbá gbà kí wọ́n dá ọjọ́ mìíràn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì ríran.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ajá ṣeré. Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí àrùn yìí ń mú láyé, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè fọ egbò, tí wọ́n sì tètè gba abẹ́rẹ́ pé, wọ́n ń bọ́. Láti 1885 ni Louis Pasteur, ará Faransé, ti fi irú abẹ́rẹ́ yìí gba ọmọkùnrin kan là. Abẹ́rẹ́ ti ajá gan-an, wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà níbí, ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ti wà láti 1924. Bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, kó gbà á, kí wọ́n sì máa tún un gbà bí dókítà ẹran bá ṣe là á sílẹ̀.

Adìyẹ náà ní tirẹ̀. Àwọn tó ń ta adìyẹ kò ní gbàgbé 2006, nígbà tí àrùn fúlù ẹyẹ kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Adìyẹ tó bá ń tòògbé, tí imú rẹ̀ ń dà, kì í ṣe ẹ̀bùn. Kí ó má wọ ilé ọmọ.

Ta ni kó wá sọ̀rọ̀ fún àlejò? Ẹni tó ni ẹbí ni. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá ń bọ̀, ọkọ ni kó sọ ọ́. Bí àbúrò ìyàwó bá ń bọ̀, ìyàwó ni. Kí tọkọtaya sì ti fẹnu kò nínú yàrá kí wọ́n tó gbé fóònù. Kí wọ́n bi onílé tí wọ́n ń sanwó fún léèrè, kí wọ́n bi ará ọ̀ọ́kán. Bí ààyè bá wà, kí wọ́n sọ òfin rẹ̀ ṣáájú: káàdì abẹ́rẹ́, okùn, ibi tí yóò sùn, ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀gbin rẹ̀. Bí ààyè ò bá sí, kí wọ́n bá àlejò wá ẹni tí yóò bá a mú un, kí wọ́n tó ní kó má mú un wá. "Má mú un wá" nìkan, ìjà ni. "A ti bá yín rí ẹni tí yóò tọ́jú ẹ̀," ìfẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹni tó bá sọ ọ́ nígbà tí àlejò ṣì wà nílé rẹ̀, kò ní í fi owó àjọ sọ ọ́ nígbà tó bá dé.