IGI TÍ ÒKUN LÉ KÚRÒ NÍLÉ

Amẹ́ríkà la ń lọ lónìí. Téèyàn bá wọ mọ́tò ní Miami, tó kọrí sí gúúsù, kò ní pẹ́ dé Key Largo. Erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì ga rárá.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí kákítọ́ọ̀sì kan lọ́dún 1992, tí kò sí irú ẹ̀ níbòmíì ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá mọ igi orò tiwa, èyí tó ní oje funfun, á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bó ṣe rí: kò léwé, ẹ̀gún ló bò ó, ó sì lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ. Òdòdó rẹ̀ ń rùn bí áyù, àdán ló sì ń wá a wá lóru.

Àṣé òkun ń bọ̀! Lọ́dún 2015, omi iyọ̀ wọ ibẹ̀, àwọn ẹranko sì ń gé igi náà jẹ; ó jọ pé omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń wá. Ìjì Irma tún dé lọ́dún 2017. Lọ́dún 2019, òkun kún bo ilẹ̀ náà. Nígbà tó fi máa di 2021, ẹ̀ka mẹ́fà péré ló kù, ara wọn ò sì yá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà Fairchild àti tìjọba bá gé gbogbo ibi tó ṣì tutù, wọ́n lọ gbìn ín síbòmíì, bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú igi ẹ̀gẹ́. Lọ́dún 2023, kò ku ẹyọ kan nínú igbó Key Largo mọ́.

Ẹlòmíì á ní, igi tí kò mówó wọlé, kí ni wọ́n ń ṣe wàhálà lé lórí? Ẹ gbọ́ o: irúgbìn tó bá tán, kò sọ́jà tí wọ́n ti ń tà á. Irú ẹ̀ ṣì wà ní àríwá Cuba àti Bahamas, àmọ́ erékùṣù nìyẹn náà, òkun ló yí wọn ká.

Wọ́n ní àwọn ń gbèrò láti dá igi náà padà sínú igbó. Ó dáa. Àmọ́ ibo ni wọ́n fẹ́ gbìn ín sí tí omi ò ní tún bá a débẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ẹ mọ̀ pé òkun kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Kí lẹ̀yin rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa o.