Àgbò àti Àgbo



Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni mo ni ín. A ń palẹ̀ mọ́ fún ìyàwó Ṣàngó tuntun kan ní ilé òrìṣà wa ní London. Àgbò tí Ifá bèèrè ti wà nílẹ̀. Omi ewé tí a ó fi wẹ̀ ẹ́ ni ó kù. Mo mú fóònù, mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ilé pé kí wọ́n bá wa wá "agbo", láìfi àmì kankan sí i. Bàbá kan tí ó ṣe òrìṣà ní Salvador gbé omi ewé dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá wa tí ó ṣe tirẹ̀ ní Havana ti san owó àgbò kan fún àgbẹ̀ ní ìgbèríko, nínú owó tí a kó jọ fún oúnjẹ àlejò.

Ifá kò bèèrè àgbò kejì. Ìdajì owó ni àgbẹ̀ náà dá padà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, ojú tì mí púpọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí o kọ ni mo kà."

Òótọ́ ni. Èdè Sípéènì àti èdè Pọtogí kò ní gb. B ni wọ́n sábà fi ń rọ́pò rẹ̀. Ní Kúbà, àgbò di abo, ẹran náà ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Bràsíìlì, àgbo di abô, omi ewé sì ni. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó kúrò nílé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹ̀wù kan náà lókè òkun. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ní gb, tí mo sì ní àmì ohùn, kí ni àwáwí tèmi?

Ẹ̀yin ìyàwó tuntun máa ń bi mí pé èwo ni ó tọ̀nà nínú Changó, Xangô àti Shango. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ìgbéraga ni ǹ bá fi dáhùn. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń wá. Sípéènì kò ní lẹ́tà fún ṣ, ó lo ch. Pọtogí lo x. Gẹ̀ẹ́sì so s mọ́ h. Àmì tí àwa náà ń fi sábẹ́ s, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó ti wá. Àjọ CMS ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní ọdún 1875. Àwọn tí ó fi orúkọ Èṣù pe Sátánì nínú Bíbélì ni a jẹ ní gbèsè àmì tí a fi ń kọ Èṣù dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Èyí tí ó le jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni p, nítorí pé ojú rẹ̀ jọ èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa a máa pe k àti p pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kp ni wọ́n fi ń kọ ọ́, mo sì rò pé ìyẹn ṣàánú àlejò ju tiwa lọ.

Nísinsìnyí, bí mo bá kọ orúkọ ohun èlò, mo máa ń fi àmì sí i, n ó sì tún pe ìyá náà lórí fóònù. Bí mo bá ti kà á dé ibẹ̀, yóò dá mi dúró: "Onírun ni, àbí eléwé?"